Irin Tó Yọrí Lórí Ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Láti ìgbà tí mo ti gbé irinṣẹ́ mi kọ́ ara ògiri ni iwájú ilé mi ti di ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá gba ìmọ̀ràn. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ti ra ilẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ilé ilẹ̀ ni kí n kọ́ ni àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?" Àwọn kejì ò tíì ní ju irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ bíríkìlà jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni tó ní làákàyè lè fi ayé rẹ̀ ṣe. Ìtàn kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń kánjú nínú wọn á ti dìde lọ kí n tó dé ìdajì, mi ò sì ní pè é padà. Ẹni tí kò lè jókòó gbọ́ ìtàn ilé, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe?

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Oko ni bàbá mi ń ro ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìwé mi kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Múfú, bíríkìlà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí wọ́n san àti ohun tí èmi náà ń gbà nígbà tí mo di ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo jẹun, àwọn ọmọ mi kàwé, mo kọ́ ilé tí mo jókòó sí yìí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Múfú ga, ó gbẹ bí ọparun, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù rárá. Omi ni mo ń pọn, yanrìn ni mo ń jọ̀. Bó bá rí gbòǹgbò igi kékeré nínú yanrìn tí mo ti jọ̀ tán, kò ní nà mí, kò sì ní bú mi. Á gbé gbòǹgbò náà lé mi lọ́wọ́, á ní kí n na ọwọ́ jáde kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì títí a ó fi jẹun ọ̀sán. Èmi géńdé, mo di gbòǹgbò mú bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá sílé ẹjọ́, àwọn ọmọge tó ń kọjá ń béèrè pé èló ni mò ń tà á. Títí di òní, bí mo bá rí yanrìn tí wọn ò jọ̀ dáadáa, ọwọ́ máa ń yún mi.

Ògiri tó bá wọ́ kì í mú un pariwo. Á kàn fi èjìká tì í kí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tó gbẹ, ògiri á wó lulẹ̀, á wá fẹ̀sọ̀ sọ pé, "Mo bá ọ dín ìtìjú ọjọ́ iwájú kù ni." Nígbà yẹn, igi ni mọ́ọ̀dù tí a fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ wa sì ni ẹ̀rọ. Ṣọ́bìrì la fi ń po sìmẹ́ǹtì, orí la fi ń rù ú gun àkàsọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo dúró wò ó bó ṣe ń yí, inú bí mi díẹ̀. Ibo ló wà nígbà tí ọrùn mi ń wọlé?

Àmọ́ nǹkan méjì kan wà tí Bàbá Múfú fi yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí a tó na okùn sórí ilẹ̀, á ní kí onílé lọ mú ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tí yóò gbé inú ilé náà wá, kí ó sì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání. Á kí arúgbó náà dáadáa, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi tí ẹ ó máa jókòó sí." Arúgbó á wo ilẹ̀ gbalasa, á rìn lọ, á rìn bọ̀, á sì gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ síbì kan. Láti ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilé. Ó máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ aráyé là ń wò ká tó kọ́lé. Ìkejì ni pé a ò gbọdọ̀ kọjá níwájú ilé tí a kọ́ láìkí àwọn tó wà nínú rẹ̀. "Ẹ kú ilé o!" Bí o ṣe ń kí wọn ni wàá máa fi ojú wá ibi tó bá sán lára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjàǹbá kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ sí wa, nítorí òun ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù òkè. Mo ti fẹ́ gba òmìnira nígbà náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ń kọ́ ní Ìbẹ̀fún. A ti da dẹ́kìn rẹ̀, ìyẹn pẹpẹ sìmẹ́ǹtì tó pín ìsàlẹ̀ àti òkè níyà, a sì ti fi igi àti ọparun gbé e dúró lábẹ́ kó lè gbẹ. Ọdún Iléyá ti sún mọ́lé, onílé fẹ́ kí àlejò jókòó sábẹ́ ilé tuntun. Bàbá Múfú lọ sìnkú ní abúlé wọn. Kó tó dé, onílé ti bẹ àwọn kan pé kí wọ́n tú àwọn igi náà kúrò. Ọ̀rẹ́ mi Làmídì, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, wọlé lọ láti lọ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ni òkè bá jábọ́.

Làmídì ò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò na tán mọ́ láyé. Nígbà tí ọ̀gá wa dé, kò bá onílé jà. Ó jókòó lórí òkìtì sìmẹ́ǹtì yẹn, ó di ẹsẹ̀ Làmídì mú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ ṣáájú, mi ò sì rí i lẹ́yìn náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yẹn látilé, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Làmídì lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó sì ṣe é dáadáa, òun ló rán aṣọ tí mo fi gbéyàwó.

Mo gba òmìnira, mo dá dúró, mo kọ́ ilé káàkiri. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè nígbà yẹn, màá ní ilé ilẹ̀ ló dáa jù. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló kọ́ mi ní ìyókù.

Láàrin àwọn ọdún 1980 ni. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń ta ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn níwájú ilé amọ̀ tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú kọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun. Orúnkún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Kò sẹ́ni tó lè gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní kí i, tí kò bá kí i, á fúnra rẹ̀ pè é pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni mo jẹ ọ́ ní gbèsè ni?" Ògiri ẹ̀yìn ilé náà ti wó. Ìyẹ̀wù tó ń sùn sí ti là láti òkè dé ilẹ̀, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Òjò kan tó bá le ló kù.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Túnjí, ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó. Ó wálé, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ fún ìyá òun. Ọmọ dáadáa ni. Mo ṣe bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ gbé àpótí yín, ẹ jókòó síbi tí ẹ ó máa jókòó sí."

Kò tilẹ̀ rìn. Ó jókòó síbi tó wà, létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ọṣẹ.

Mo ní, "Ọ̀gá Túnjí, ẹ ti rí i. Ilé ilẹ̀ ni Màmá ń fẹ́."

Túnjí fajú ro. "Ọ̀gá Bíríkìlà, nínú régbérégbé tèmi, àwa tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ta ni kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ọjọ́ Ojúde Ọba tó kọjá, ilé òkè ni gbogbo wọn ti gba àlejò. Èmi nìkan ló ń gba àlejò níta bí ẹni ń ta ẹran. Màmá mi ló máa gbé òkè, torí onílé kì í gbé ìsàlẹ̀. Wọ́n á máa pè wọ́n ní Ìyá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni ìyá fi dá a lóhùn. Màá sọ ọ́ ní Yorùbá gbogbo ayé kí ẹ lè gbọ́. Ó ní, "Túnjí, bí mo bá wà lókè, ta ni yóò kí mi? Ẹni tó fẹ́ kí mi, ṣé yóò kọ́kọ́ gun àkàsọ̀ ni? Ẹyẹ ni yóò máa kí mi níbẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mi ò gbé. Ẹ má sì fọwọ́ kan ilé ọkọ mi títí a ó fi fẹnu kò."

Kò sì kúrò nínú ilé náà lóòótọ́. Aládùúgbò fún un ní yàrá, ó kọ̀. Òjò ń ṣú, èmi ń wo ògiri yẹn. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn jẹ̀. Túnjí náà ò sì fẹ́ rọ̀. Ó ní òun ò ní fi owó òun kọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òun yóò máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo wá rò ó, mo mú àbá tí gbogbo bíríkìlà Ìjẹ̀bú mọ̀ wá. Mo ní kí a kọ́ ìsàlẹ̀, kí a da dẹ́kìn lé e lórí, kí Màmá máa gbé ìsàlẹ̀ létí títì. Kí a wá jẹ́ kí irin àwọn òpó yọrí jáde lókè, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Túnjí dunnú, torí irin tó yọrí jẹ́ ìdajì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú àwọn ẹgbẹ́. Ìyá dunnú, torí àpótí rẹ̀ ò ní kúrò níbi tó wà. Ó kó lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, a wó ilé amọ̀, a kọ́ tuntun. Nígbà tó wọlé, ó fi ọwọ́ ra ògiri yípo, ó ní, "Bíríkìlà, ọwọ́ rẹ ò ní wọ́."

Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Láìpẹ́, mò ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, mo kígbe, "Ẹ kú ilé o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò sí igbá ọṣẹ níta, kò sí àpótí. Ilẹ̀kùn tì. Mo rò pé àìsàn ni. Mo kànkùn, ó ní kí n wọlé. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, ó wọ aṣọ dáadáa, kò sì sí ohun tó ń ṣe é.

Ó ní, "Bíríkìlà, kí ni irin tó wà lórí ilé mi ń dúró dè?"

Mo ní, "Màmá, ó ń dúró de pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

"Mo mọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá ń dúró de kí ni?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Àwọn obìnrin tó ń ra ọṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti ń wòkè, tí wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan wá sọ ọ́ jáde pé, "Ìyá, ẹ ò ní tètè lọ o, ẹ jẹ́ kí irin yín dógùn-ún." Ó rò pé àwàdà ni. Nínú ìlú wa, gbogbo ènìyàn ló lè ka irin. Bí irin bá yọrí lórí ilé tí arúgbó ń gbé, tí arúgbó náà sì ti sọ pé òun ò gun òkè, ohun tí irin ń sọ ò nílò agbọ̀rọ̀sọ. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, mi ò sì kà á. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe é nígbà náà, a ò wòkè lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Màmá, ọmọ yín ò ro bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ọmọ mi ò lè ro bẹ́ẹ̀, èmi ni mo bí i. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń jí sábẹ́ irin tó ń ka ọjọ́ mi. Mi ò lè jókòó síta kí wọ́n máa wò mí, kí wọ́n máa wòkè. Ránṣẹ́ sí i."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì nù ún kíá bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Mo ti bá ìdílé púpọ̀ pàdé nínú iṣẹ́ yìí, ẹkún ìyá yẹn dùn mí dé egungun. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi l'Ékòó lọ́jọ́ náà.

Túnjí dé. Nígbà tó gbọ́ ohun tí irin ń sọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Ilé yín ni mo ń kọ́, kì í ṣe ikú yín. Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹ lọ mú ayùn irin wá, ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò lónìí."

Ìyá ní, "Dìde. Ta ní kó o gé e? Bó o bá gé e, wọ́n á ní ìyá àti ọmọ ti jà. Kọ́ ọ. Kọ́ ọ kí ojú mi rí i. Kí irin wá ohun mìíràn dúró dè."

"Ẹ ṣáà ní ẹ ò gbé òkè."

"Mi ò gbé e. Ìwọ ló máa gbé e."

Túnjí wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. "Kí n máa gbé orí ìyá mi? Kí n máa rìn lórí yín? Èèwọ̀ ni, Màmá."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Túnjí, inú ikùn mi lo ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta mí, mi ò kú. Ó tó ọdún mélòó tí mo ti ń dá gbé tí mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú ilé? Bó o bá wálé, kí n máa gbọ́ ẹ lókè. Kí n mọ̀ pé ọmọ mi wà nílé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á kí mi, ẹni tó wà lókè á tẹlẹ̀ kí n gbọ́. Kí ni mo tún ń wá?"

Túnjí ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

A bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ́ òkè ni ó ń ta ọṣẹ nísàlẹ̀, ó ń pariwo sí wa pé kí a má jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì já sínú ọṣẹ òun, pé ẹni tó bá fi wẹ̀ á di òkúta. Bí a ti ń mọ ògiri sókè ni mò ń rántí ẹsẹ̀ Làmídì. Nígbà tí a da àwọn ìtì tó gbé òrùlé àti àtẹ̀gùn tó lọ sókè, Túnjí béèrè bóyá a lè tú igi abẹ́ wọn kúrò kí ọdún Ojúde Ọba tó dé. Kí n tó la ẹnu, ìyá ti dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Fi í sílẹ̀! Orí tèmi ló wà lábẹ́ rẹ̀!" A fi í sílẹ̀. Ọdún kọjá lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jókòó síta, wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ títí wọ́n fi gbàgbé pé òkè wà.

Lọ́jọ́ tí ilé parí, ó ní òun máa gòkè lẹ́ẹ̀kan. Túnjí di apá ọ̀tún mú, mo di ti òsì, a ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró lójú fèrèsé òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè rẹ̀, ó wo àwọn òrùlé páànù títí dé ọ̀nà Ìjagun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ó dára púpọ̀. Ọkọ mi ì bá rí i." Lẹ́yìn náà ó na ọrùn wo títì nísàlẹ̀. "Ta nìyẹn tó ń kọjá lọ yìí tí kò kí mi? Ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀ kíá!"

Kò gòkè mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Túnjí tó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá di ẹni tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Bí mo bá kọjá tí mo sì kígbe, "Ẹ kú ilé o!" tí mo rí i pé ìyá kò dáhùn, tó kàn gbé ìka kan sókè tó ń tọ́ka sí àjà, màá dúró. Àwa méjèèjì á dákẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lókè. Ojú rẹ̀ á máa dán. Á wá rọra sọ pé, "Ó ti dé."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí èyí. Èmi fúnra mi, ilé ilẹ̀ ni mo kọ́, torí àwọn ọmọ mi ń gbé ìtòsí, mo sì máa ń gbọ́ ariwo wọn láti ìta, mi ò nílò ti àjà. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ilé ilẹ̀ ló dáa jù. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ mú àgbà ilé wá pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè nípa iṣẹ́ bíríkìlà, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi rìn dé ọ̀nà Ìjagun, ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi débẹ̀.

A lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin kan tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà lérè. Túnjí ti fi Èkó sílẹ̀, orí rẹ̀ ti funfun, orúnkún ti ń yọ òun náà lẹ́nu, ó sì ti kó wá sí ìsàlẹ̀, ó fi òkè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó máa ń wálé láti Èkó. Ó jókòó létí títì, lórí àpótí ìyá rẹ̀. Mo fi ojú wá ibi tó sán lára ògiri, mi ò rí. Mo kígbe, "Ẹ kú ilé o!"

Kò dáhùn. Ó gbé ìka kan sókè.